Ọwọ́ Tó Ń Jí Ọkọ̀

"Bàbá Morẹ́nikẹ́, ẹ lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mò ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ tí Fẹ́hìntọlá ìyàwó mi bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo jókòó sídìí sítíárìn, mo di kọ́kọ́rọ́ mú, mo ń retí rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló ṣubú sí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Ọdún 1981 la ra ọkọ̀ náà, nígbà tí mo ń ṣe akọ̀wé ní Òṣogbo. Aláwọ̀ ewé ni. Fẹ́hìntọlá ń pè é ní orogún òun. Ó ní bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mi ò fọ ẹsẹ̀ òun bẹ́ẹ̀ rí.

Kabúrétọ̀ ni ọkọ̀ ayé ìgbà yẹn ń lò. Òun ló ń po epo bẹntiróòlù mọ́ atẹ́gùn kí ó tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Láàárọ̀, tí ara ọkọ̀ bá tutù, èèyàn ní láti dín atẹ́gùn kù fún un kí ó tó lè jí. Wáyà kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ó já ní ọdún kejìlá. A ò tún un ṣe. Ọwọ́ Fẹ́hìntọlá gba ipò rẹ̀. Á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu kabúrétọ̀, á ké pé, "Ó yá!" Èmi á yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì á máa fa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń fà á ló fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí òun gbé e kúrò. Bí ọkọ̀ bá ti dáhùn, á ní, "Orogún mi ti jí o. Ẹ bá mi kí i." Òórùn epo kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ọ̀sán, ìbáà ṣe ọjọ́ ìsinmi.

Ìgbájọ la sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, nítorí bó ṣe fẹ́ nìyẹn. Ọkọ̀ ìjọ ló gbé wa lọ. Nígbà tí àwọn yòókù ń wọ ọkọ̀ padà, mo sọ fún un pé, "Èmi àti orogún rẹ ń bọ̀."

Mo dé ilé, ọkọ̀ kọ̀, kò jí. Alàgbà Òjẹ́tọ́lá, aládùúgbò mi, bá mi fọwọ́ bo kabúrétọ̀. Kò mọ ìgbà tó yẹ kó gbé e. Ọkọ̀ mu epo yó, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọ mọ́tò èrò lọ," ló wí. "Ìgbájọ ò kúkú jìnnà."

"Mi ò ṣèlérí mọ́tò èrò fún un."

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Koríko hù lábẹ́ ọkọ̀. Mo wá lọ pe Múdà, mẹkáníìkì wa. Ó yí ọkọ̀ po, ó ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká yọ kabúrétọ̀ yìí, ká fi ínjẹ́kítọ̀ sí i. Ó ní ọpọlọ tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ á mọ̀ bóyá ara ọkọ̀ tutù, á sì mọ ìwọ̀n epo tí ó máa fún un. Ẹ kàn máa yí kọ́kọ́rọ́ ni. Á jí bí ẹni tí wọ́n pè síbi iyán!"

"Ẹni mélòó ló máa ń jí i?"

"Ẹyọ ẹnì kan, Bàbá. Ẹ̀yin nìkan."

Mo fi ọjọ́ mẹ́ta rò ó. Bí mo bá fi kabúrétọ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ ò ní dé ọ̀dọ̀ Fẹ́hìntọlá láéláé. Bí mo bá yọ ọ́, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń wà ni mo yọ yẹn. Lọ́jọ́ kẹrin mo ní kí Múdà máa bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ó sọ táǹkì kalẹ̀, ó ki pọ́ọ̀ǹpù oníná sínú rẹ̀. Ó fa páìpù kan lọ síwájú, ó fa òmíràn padà, kí epo tí ẹ́ńjìnnì kò bá lò lè rí ọ̀nà wálé. Ó fi wáyà wẹ́wẹ́ so gbogbo rẹ̀ mọ́ àpótí kékeré kan. Ọpọlọ ọkọ̀ nìyẹn. Ó fi bébà ìròyìn wé kabúrétọ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ní iṣẹ́ parí. Alàgbà Òjẹ́tọ́lá náà wá wòran. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo jókòó sídìí sítíárìn.

"Bàbá, kí lẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún?" Múdà ń rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́ni tó máa dúró síbẹ̀ mọ́."

Mo fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Mi ò tíì yí i tán tí ọkọ̀ fi jí. Kò wúkọ́. Kò lọ́ra. Múdà pàtẹ́wọ́. Ẹnu mi ló ṣáájú ọgbọ́n mi:

"Dúró ná! Kò tíì débẹ̀!"

Àtẹ́wọ́ dákẹ́. Alàgbà wolẹ̀. Ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ jẹ́jẹ́. Múdà nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó sún mọ́ fèrèsé.

"Bàbá, ẹ má bínú sí i," ló wí. "Kò mọ̀ pé ẹnì kankan jí òun rí."

"Èmi mọ̀," ni mo wí.

Múdà ròyìn ọ̀rọ̀ náà ní ọgbà mẹkáníìkì, wọ́n sì sọ ọ́ di òwe. Bí ẹnìkan bá rọ́wọ́ mú tán, tí kò yà kí ẹni tó gbé e dúró mọ́, òun ni wọ́n fi ń bá a wí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò mọ̀ mí.

Ó di oṣù méjì tí ọkọ̀ ti ń dá jí. Mo ti gbé e lọ sọ́jà, mo ti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò tíì gbé e dé Ìgbájọ. Mi ò tíì tú bébà lára kabúrétọ̀. Mi ò tíì fọ àkísà tí Fẹ́hìntọlá fi ń nu ọwọ́; ó ṣì wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Mi ò tíì yí kọ́kọ́rọ́ láì kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ fún un pé orogún rẹ̀ kò nílò ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ibẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì àdúgbò wa ti rí i mú tí wọ́n fi ń wí pé: ọkọ̀ tó ń dá jí kì í béèrè ọwọ́ tó jí i lánàá.