Aránṣọ Tó Fẹ́ Ní Èjìká

Ọkùnrin aránṣọ kan wà ní ìlú orí òkè kan ní ilẹ̀ Èkìtì, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ láti inú ìyá rẹ̀ wá. Kò ṣàìsàn, ebi kò sì pa á. Bí Ọlọ́run ṣe mọ ọ́n nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kò jẹ́ kó gbádùn. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Bí afẹ́fẹ́ òjò bá ń fẹ́, ẹnìkan á ní kí wọ́n bá òun di Abẹ́rẹ́ mú kó má bàa sọnù. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ìjọ ń gbé igi òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, fìlà wọn ni wọ́n kó fún un dání. Mọ́kànlá ni fìlà náà. Ó tò wọ́n léra lórí ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ tà wọ́n.

Ó máa ń bá wọn fi ṣẹ̀rín, títí di ọdún tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì sán. Wọ́n ránṣẹ́ ra òmíràn. Ọkọ̀ kò lè gun òkè náà, nítorí náà ọkùnrin mẹ́fà ni yóò gbé agogo gòkè lórí èjìká. Bàbá aránṣọ yìí wà lára àwọn mẹ́fà tó gbé agogo àkọ́kọ́, orúkọ wọn sì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì títí di òní. Òun nìkan ni ọmọkùnrin tí bàbá náà fi sáyé. Bí wọ́n bá tún kó fìlà lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, orúkọ ilé wọn kò ní sí lára ògiri pẹ̀lú ti agogo tuntun.

Ó tọ Bàbá Ìjọ lọ, ó bẹ̀ ẹ́. Bàbá Ìjọ wò ó láti òkè délẹ̀. Kò pẹ́ tó fi wò ó tán.

“Oṣù mẹ́ta ló kù kí agogo dé,” ni bàbá náà wí. “Lọ wá èjìká wá. Bí mo bá ti rí i, wàá gbé e.”

Láti ibẹ̀, ó yà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré ìlú náà. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí àrùn kankan lára rẹ̀, ẹ̀dá rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Ó ní bó bá fẹ́ kí ara rẹ̀ kún kó sì le, kó máa jẹun lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́ dípò ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja máa wà níbẹ̀. Kó máa gbé ohun tó wúwo, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí kékeré, kó sì máa fi kún un. Kó máa sùn dáadáa. Kó ní sùúrù, nítorí ẹran ara kì í hù lọ́sẹ̀ kan. Ohun mẹ́rin ni nọ́ọ̀sì kó lé e lọ́wọ́. Kó tó délé, méjì ti já bọ́ lọ́nà. Oúnjẹ àti oorun nìkan ló gbé dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀.

Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, iyán ni òun yóò máa jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́, jẹ́ obìnrin jẹ́jẹ́ tí òun náà kò sanra. Kò jiyàn. Ó fa odó jáde sẹ́yìnkùlé.

Kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà ti bó. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó gba ọmọ odó lọ́wọ́ òun díẹ̀, kí òun lè mí. Aránṣọ wà lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ.

“Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́, kò yé ọ ni. Ẹni tó fẹ́ sanra kì í làágùn. Bí mo bá gún iyán yìí, èyí tí mo jẹ lánàá á bá òógùn jáde.”

Ó ní ṣe ni kí òun dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kí oúnjẹ lè ríbi jókòó sí. Kò pọnmi mọ́, kò lagi mọ́. Ìyàwó ló ń ṣe é, láàárín iyán àárọ̀ àti iyán ọ̀sán.

Ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, bó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á fa téèpù tó fi ń wọn àwọn oníbàárà yọ, á fi wọn apá ara rẹ̀. Téèpù kò sún. Á wọn èjìká, kò sún. Á wọn ikùn, ó sún. Inú rẹ̀ á dùn. Ó tú ìgbànú ṣòkòtò rẹ̀, ó fi aṣọ kún un, ó sì ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ pé bí wọ́n ṣe ń kọ́lé nìyẹn, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, láìpẹ́ yóò dé èjìká. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo apá tẹ́ẹ́rẹ́ àti ikùn róbótó yẹn, wọ́n ní Abẹ́rẹ́ ti gbé ẹyin mì. Ó ní ìlara ló ń dà wọ́n láàmú.

Lásìkò kan náà, ìyàwó rẹ̀ mú bùbá kan wá fún un pé ó ya lábíyá. Ó bá a rán an. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, òmíràn ya lápá. Ó ní aṣọ ayé ìsinsìnyí ni, bí omi bá ti kàn án, a máa súnkì. Nígbà tí ẹ̀kẹta ya, ó bá a wí gidi pé kó yé fi omi gbígbóná fọṣọ. Ọkùnrin tó ti wọn apá gbogbo ìlú tán kò ronú láti wọn èyí tó ń gbé iyán síwájú rẹ̀.

Agogo dé láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nísàlẹ̀ òkè, wọ́n fi okùn so ó sáàárín igi gígùn méjì, kí ọkùnrin mẹ́ta mẹ́ta lè gbé igi kọ̀ọ̀kan. Aránṣọ wọ dàńṣíkí, ikùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀. Ojú Bàbá Ìjọ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó rí i pé nǹkan kan ti kún inú aṣọ náà, ó sì fi ẹ̀yìn igi kan hàn án. Aránṣọ ṣí fìlà orí rẹ̀, ó gbé e fún ẹlòmíràn dání.

Wọ́n ka ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n gbé e. Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ dára. Ní ìkeje, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti ń gbá ara wọn. Ní ìkejìlá, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í ga, èjìká rẹ̀ tẹ̀, igi sì ń yọ̀ lọ sí apá. Agogo fì, ó ń wá ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Àwọn márùn-ún tó kù kò lè jù ú sílẹ̀, wọn kò sì lè dúró. Aránṣọ fẹ́ kígbe, kò rí èémí tí yóò fi kígbe. Ó wá sí i lọ́kàn pé ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni òun fẹ́ rún wómúwómú yìí nítorí orúkọ ara ògiri.

Ẹnìkan fọwọ́ kàn án lẹ́yìn.

“Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́, ẹ yẹ̀ fún mi.”

Ó yẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti jáde láàárín àwọn obìnrin tó ń kọrin bọ̀ lẹ́yìn. Ó ṣí gèlè, ó ká a bí òṣùká sórí èjìká, ó bọ́ sábẹ́ igi, igi náà sì dìde. Wọ́n ń lọ. Nígbà tó ṣe, ó tún bá wọn mú orin tó fi sílẹ̀. Kò béèrè ìsinmi. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra máa ti òun.

Nígbà tí wọ́n sọ agogo kalẹ̀ lókè, Bàbá Ìjọ bi í léèrè ohun tó ń jẹ nílé. Obìnrin náà kúnlẹ̀.

“Ìyókù iyán Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́ ni, Bàbá. Àwọn ló ń jẹ ẹ́. Èmi ni mò ń gún un.”

Àwọn tó gbé agogo jókòó sílẹ̀, kì í ṣe nítorí àárẹ̀. Bàbá Ìjọ fìwé orin bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Aránṣọ ló rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n kọ ṣe ìkẹfà sára ògiri. Orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀ kúkú ni obìnrin náà ń jẹ́, nítorí náà ilé wọn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí aránṣọ bá ti kà á, ó mọ èjìká tó gbé e débẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó dìde, ó gbé ọmọ odó. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ejò ló fẹ́ fi pa. Iyán tó gún lọ́jọ́ náà kún fún kókó. Obìnrin náà jẹ ẹ́, ó ń fi eyín wá ọ̀nà láàárín kókó títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Kí ọdún náà tó yípo, téèpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í sún, díẹ̀díẹ̀, bí nọ́ọ̀sì ti wí.

Àbúrò mi, ìwọ ni mo ń fi ìtàn yìí bá wí. O ti fi orúkọ rẹ ránṣẹ́ sí ilé àdúrà mẹ́rin. O ní kí ìyá rẹ bá ọ gbààwẹ̀, kí ìyàwó rẹ bá ọ jí ní kùtùkùtù, kí àwa ẹgbẹ́ aládùúrà bá ọ ké pe Olúwa. À ń ṣe é, a kò sì ní yé ṣe é. Ṣùgbọ́n wo ìyá rẹ, ó ti lágbára. Wo ìyàwó rẹ, ó ń lágbára sí i. Àmín nìkan ni ìwọ ń jẹ, ó ti kún ọ nínú, orúnkún rẹ kò sì tíì kan ilẹ̀. Ẹrù kan lè dé lọ́la tí ìwọ nìkan yóò wà lábẹ́ rẹ̀, tí kò ní sí ẹni tí yóò ní kí o yẹ̀ fún òun. N kò ní kí o bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Kúnlẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, fún ìwọ̀n ìgbà tí omi ẹ̀kọ fi ń hó. Bí àdúrà náà bá tilẹ̀ ní kókó, Ọlọ́run á gbà á bẹ́ẹ̀.