Àrínọlá Sọ̀ Kalẹ̀ Létí Afárá

Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Títí di Sátidé yẹn, onígbéraga nìkan ni mo máa ń pa òwe yìí fún.

Èmi ni olórí ẹgbẹ́ agẹṣin wa. A ń gẹṣin ṣeré lọ sódò, Àrínọlá sì mú ẹṣin rẹ̀ wá fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹṣin náà kò bá ẹṣin mìíràn rìn rí. Nígbà tí a dé afárá onípákó, tí pátákò ẹṣin iwájú ń dún kò-kò-kà, ti Àrínọlá dúró, ó ń gbọ̀n.

"Nà án," ni mo wí.

Kò nà án. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ pa á lọ́rùn, ó di ìjánu mú, ó sì ṣíwájú rẹ̀. A fi í rẹ́rìn-ín gan-an: agẹṣin tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹṣin rẹ̀ tẹ̀ lé e kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ̀rín wa ló dẹ́rù ba ẹṣin tèmi. Ó yarí. Mo nà án, ó sì dá mi sínú ẹrẹ̀ tagbádá tagbádá.

Àrínọlá ló padà wá fà mí dìde.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ó ní. "Àwa méjèèjì la kúkú sọ̀ kalẹ̀ lónìí. Èmi kàn yan ibi tí mo ti sọ̀ ni."