Ìdí Tí Orúkọ Fáìlì Fi Ní Ìrù

Nígbà láéláé, orúkọ kan ṣoṣo ni fáìlì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Orúkọ ilé kò sí níwájú, ìrù kò sí lẹ́yìn.

Fáìlì méjì kan wà tí wọ́n ń jẹ́ Àṣàbí. Orúkọ màmá àgbà kan tó ti dolóògbé ni wọ́n fi sọ wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ àwòrán ojú màmá náà, ó ń gbé yàrá òkè. Èkejì jẹ́ orin tí màmá fi ohùn ara rẹ̀ kọ, yàrá ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀. Bí orin bá ti ń dún nísàlẹ̀, àárò ohùn náà a máa sọ Àwòrán.

Lọ́jọ́ kan, ó bẹ Alárù. Alárù yìí ló ń kó fáìlì káàkiri. Kò lójú, kì í sì í bèèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi lọ sọ́dọ̀ arábìnrin mi nísàlẹ̀."

"Orúkọ?"

"Àṣàbí."

"Iṣẹ́ tí wọ́n bá rán mi ni mò ń jẹ́," ni Alárù wí, ó sì gbé e.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fetí sílẹ̀ o. Orúkọ kan kì í ní ìjókòó méjì nínú yàrá kan. Bí Àwòrán ṣe fẹsẹ̀ kan wọlé báyìí, orin náà dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Kò pariwo, kò sì sá. Àga rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, Àwòrán ló sì wà lórí rẹ̀.

"Àṣàbí, kí ló dé tí o dákẹ́?" ni àwọn ará yàrá wí. "Máa kọrin rẹ lọ."

"Èmi kọ́ ni! Arábìnrin mi dà?"

"Arábìnrin wo? Àṣàbí kan ṣoṣo la mọ̀."

Àwòrán la ẹnu láti kọrin, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó yíjú sí Alárù.

"Bàbá, ẹ bá mi dá a padà!"

"Ẹni tí mo bá ti gbé ẹlòmíràn lé lórí, n kì í rí i mọ́." Ọ̀rọ̀ náà dun Alárù dọ́kàn. "Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Láti òní lọ, kí kálukú máa dárúkọ yàrá tó jẹ́ ilé rẹ̀ fún mi, kó sì so ìrù mọ́ra. Bí n kò tilẹ̀ lójú, màá fọwọ́ bà á."

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ yàrá ti ń ṣáájú orúkọ fáìlì, tí igi dídagun kan pààlà sí àárín wọn. Láti ọjọ́ náà náà ni àmì tóótó kan àti ìrù ti wà lẹ́yìn. Alárù á kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yàrá, á gé e kúrò níwájú kó tó mọ orúkọ fáìlì, á fọwọ́ pa ìrù kó tó mọ irú ẹni tó gbé.

Ìrù àwòrán ni wọ́n so mọ́ Àṣàbí. Wọ́n ṣe ìrù orin sílẹ̀ fún èkejì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wá gbà á.