Ìjókòó Ọdẹ́rìndé Létí Odò

Ọdẹ ni Ọdẹ́rìndé, ó sì máa ń bẹ̀rù. Kì í fi pa mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n tó bá ti di ìbọn mú, gbogbo abúlé Òkè-Ìrókò ló mọ̀.

Lọ́dún kan, ẹkùn wá lúgọ sétí odò kan ṣoṣo tí wọ́n ń pọn. Àṣà wọn ni pé ọdẹ tó bá ń ṣọ́ odò, ìyàwó tiẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ pọnmi, kó má baà fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Akíngbadé tó láyà jù nínú wọn ló kọ́kọ́ lọ. Ó dúró gangan, ó gbé ìbọn léjìká, ó yìn ín. Ọta bá igi. Ìkòkò ìyàwó rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí gbé wálé.

Ní ọjọ́ kẹta, kò sómi nílé ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀tù tó kù, ẹ̀ẹ̀kan péré ló tó yìn. Ó wá kan Ọdẹ́rìndé.

Ní àárọ̀, ó gbé odó lọ sórí òkè létí odò, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó gbé àpò yanrìn lé e, ó tẹ́ ìbọn sórí yanrìn. Ó wá jókòó sórí àpótí lẹ́yìn rẹ̀.

Baálẹ̀ wò ó títí. "Ọdẹ́rìndé, ẹkùn lo fẹ́ pa ni, àbí iyán lo fẹ́ gún?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀fun wọn ti gbẹ.

Ọdẹ́rìndé na ìbọn sójú ọ̀nà odò. Ó dijú, ó mí kanlẹ̀, ó lajú. Ẹnu ìbọn ti yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà odò. Ó dìde, ó yí àpótí, ó tún jókòó.

Ìbídùn, ìyàwó rẹ̀, ti gbé ìkòkò dání. "Baba Àrẹ̀mú, ṣé ẹ ti jókòó?"

"Mi ò tíì jókòó."

"Oòrùn ń ga o," ni Baálẹ̀ wí. "Jẹ́ kó máa lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Baálẹ̀. Tó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló máa gbé ìbọn yìí, Ìbídùn ló máa pa. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbé e."

Ó ri ẹsẹ̀ àpótí mọ́lẹ̀. Ó bu yanrìn díẹ̀ kúrò nínú àpò kí ọrùn rẹ̀ má baà máa nà. Ó fi ìdí ìbọn ti èjìká, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Ó dijú, ó lajú. Ẹnu ìbọn ṣì wà níbi tó fi í sí.

"Mo ti jókòó. Máa lọ, rọra rìn."

Ìbídùn sọ̀kalẹ̀, kò wẹ̀yìn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bomi, koríko mì. Ẹkùn bọ́ sójú ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀, ó ba, ó fẹ́ fò. Eyín Ọdẹ́rìndé ń lu ara wọn, itan rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìbọn ò mì. Ó fìka fà á.

Èéfín bo odò. Wọn ò rí ẹkùn, wọn ò rí Ìbídùn.  Ìgbà tó yá ni wọ́n gbọ́ tí omi ń wọ inú ìkòkò.

Akíngbadé wo òkú ẹkùn lójú ọ̀nà, ó sún mọ́ Ọdẹ́rìndé. "Báwo lọwọ́ rẹ ṣe dúró?"

"Kò dúró. Wò ó, ó ṣì ń gbọ̀n."

Akíngbadé jókòó sórí àpótí yẹn, ó sì sunkún.

Láti ọjọ́ náà, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó fẹ́ kánjú ṣe ohun tí kò tíì múra sílẹ̀ fún, ohun tí wọ́n ń wí fún un ni pé: ìjókòó ló ń yìnbọn, ìka kàn ń fà á ni.