Àdùnbárìn Ru Erùpẹ̀ Ọkọ Rẹ̀

Lọ́dún tí òjò rọ̀ tí kò dá mọ́, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là lára Òkè Olóore. Èjìká òkè náà ni ìlú Ìwọ̀-Òkè wà. Òkè yìí ló fi àwọn bàbá wọn pamọ́ nígbà ogun. Ta ni yóò wá gbà pé olóore fẹ́ di apani? Ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn ló rí i. Omi ìsun di ẹrẹ̀ pupa, ilẹ̀kùn kò ṣeé tì mọ́ nílé púpọ̀. Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ ya wá láti òkè, ó bo abà kan mọ́lẹ̀, tìyá tọmọ. Wọ́n sunkún, wọ́n tún padà sílé wọn.

Ẹ má pè wọ́n ní òmùgọ̀. Inú yàrá ni wọ́n ń sin òkú wọn sí láyé ọjọ́ náà. Ta ni yóò fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ kó máa lọ? Àdùnbárìn pàápàá, àbúrò Ọlọ́jà tó jẹ́ olórí ìlú, Àdùnbárìn adúmáadán, ọmọ akínkanjú tí kì í wẹ̀yìn, kò fẹ́ lọ. Orí ilẹ̀ tí wọ́n sin Ọdẹ́níyì ọkọ rẹ̀ sí ló ń tẹ́ ẹní sí, tí yóò máa ròyìn ọjà fún un títí oorun yóò fi gbé e lọ. Àfi bó ṣe jí láàárọ̀ kan, tó rí i pé ilẹ̀ yàrá náà ti là láti ìdí ẹní dé ẹnu ọ̀nà. Àyà rẹ̀ já nítorí àwọn ọmọ rẹ̀.

Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọlọ́jà Ògúnmọ́dẹdé. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ lọ sí òdìkejì odò, ká tó di ẹni tí wọ́n ń wú nínú ẹrẹ̀."

Ọlọ́jà mi orí. "Bàbá wa wà lábẹ́ ibùsùn mi. Ta ni yóò máa bọ ọ́? Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó gbé òkú rẹ̀ dání."

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín. Àdùnbárìn kò rẹ́rìn-ín. Ó délé, ó mú ọkọ́, ó gbẹ́ ojú oórì ọkọ rẹ̀, ó bu erùpẹ̀ ibẹ̀ kún agbọ̀n. "Baálé mi, ẹ dákun, ẹ má bínú," ló ń wí, tí omijé ń kán sínú erùpẹ̀. Ó gbé e rù, ó gba àárín ọjà kọjá lọ́sàn-án gangan. Àwọn ará ọjà pé lé e lórí, wọ́n ń bi í ní ohun tó rù.

"Ọdẹ́níyì nìyí," ló wí fún wọn. "Mo bẹ̀ ẹ́, ó ti gbà. Ẹ̀yin náà, ẹ bi òkú ilé yín wò, bóyá ó fẹ́ kí ẹ wá bá òun lábẹ́ ilẹ̀."

Opó kan ló kọ́kọ́ lọ mú ọkọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà odò ti kún fún agbọ̀n, igbá àti ìkòkò. Ọlọ́jà nìkan ló kù tó jókòó sí ìloro rẹ̀. Àdùnbárìn tún gun òkè padà tọ̀ ọ́ lọ nínú òjò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá kan náà ló bí wa. Bí òkè bá bò yín, ta ni yóò sin yín? Bàbá tí ẹ̀ ń ṣọ́ ńkọ́, ta ni yóò bọ ọ́ lẹ́yìn yín?"

Àgbàlagbà náà sunkún bí ọmọdé. Ó ṣí fìlà, ó bu erùpẹ̀ bàbá wọn sínú rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e. Wọn kò tíì sọdá odò tán tí òkè fi ya, tó gbé ìlú náà mì. Ẹ̀mí kan kò bá a lọ.

Wọ́n da erùpẹ̀ gbogbo yẹn pọ̀ sójú kan, wọ́n sì tẹ ìlú Àtúntẹ̀ dó yí i ká. Wọ́n ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáko lára Òkè Olóore mọ́, kí ilẹ̀ rẹ̀ má baà tún ya. Nígbà tí ọjọ́ Àdùnbárìn fẹ́ pé, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ àtisin ín sí ilẹ̀ yàrá rẹ̀ bí ìṣe àwọn bàbá wọn, ó ní, "Rárá o. Ẹ gbé mi lọ síbi erùpẹ̀ yẹn, lọ́dọ̀ bàbá yín. Bí ilẹ̀ yìí náà bá fẹ́ ya lọ́jọ́ kan, mi ò fẹ́ jẹ́ ìdí tí ẹ ó fi dúró." Láti ọjọ́ náà, wọn kò tún sin ẹnikẹ́ni sínú ilé mọ́ ní Àtúntẹ̀.