Ọjọ́ Ká-Ní ní Ìdóẹ̀tù

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ta ni kò tíì gbọ́ ọ rí? Bí ọ̀dọ́ kan bá sọ̀rọ̀ ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ níbi ìpàdé ẹbí, kó tó gbé ẹnu kúrò, ẹnìkan ti fi òwe yìí lé e padà sórí ìjókòó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: aṣọ ta ni, àkísà ta sì ni? Àbí ẹ rò pé òwe ń hù bí olú ni, láìsí ẹni tó gbìn ín? Èyí tí mo gbọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá ní òmíràn, kó fi tirẹ̀ sápò ná títí n ó fi parí.

Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ìdóẹ̀tù. Nígbà ìwáṣẹ̀, odò ńlá kan ń ṣàn gba àárín ìlú náà kọjá. Ní ọdún kan, láìjà láìta, odò náà yà, ó gba ẹ̀yìn òkè lọ, ó fi yanrìn sílẹ̀ fún wọn. Ìlú mìíràn ì bá sunkún díẹ̀, kí ó gbẹ́ kànga, kí ó gbàgbé. Àwọn ará Ìdóẹ̀tù gbẹ́ kànga, wọn kò gbàgbé. “Ká ní odò wa kò yà ni,” bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ká ní odò kò yà, àwa ni à bá máa pàṣẹ fún gbogbo èbúté. Ká ní odò kò yà, ọmọbìnrin wa kì bá máa fẹ́ ará oko. Nígbà tí ká-ní pọ̀ jù lẹ́nu wọn, wọ́n sọ ọ́ di ọdún.

Ọjọ́ Ká-Ní máa ń bọ́ sí ìgbà ọyẹ́, ní àárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí kùrukùru bá dùbúlẹ̀ sí ipadò gbígbẹ náà bíi pé odò fúnra rẹ̀ ló padà wá wo ilé. Gbogbo ẹni tó bá mọ ọnà yóò ti gbẹ́ ọmọlangidi láti ara igi ìrẹ́, tó ga tó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, yóò sì ti wọ̀ ọ́ ní aṣọ tí ìlú ì bá máa wọ̀ ká ní ayé gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ ó rí ọba omi tí a kó ìpẹ́ ẹja sí ọrùn agbádá rẹ̀. Ẹ ó rí ìyálóde tí gèlè rẹ̀ fẹ̀ bí ìgbòkun. Obìnrin kan tilẹ̀ gbé àwọn jagunjagun obìnrin wá lọ́dún kan, nítorí ó ní ká ní àwọn ìyá òun ni wọ́n rán lọ sógun ni, wọn kì bá tí sá. Ìró wọn ká sókè dé orúnkún, apó ọfà sì rọ̀ níbi tí obìnrin máa ń so ọmọ sí.

Kò sí adájọ́. Wọn a to àwọn ọmọlangidi sí ipadò, ìlú a máa rìn lọ lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀ nínú kùrukùru. Èyí tó bá mú kí ènìyàn gbàgbé ara rẹ̀, tó fi kí igi bí ẹni kí ènìyàn, òun ló borí, ẹni tó ṣe é ni yóò sì máa gbé Ilé Ọmọlangidi títí di ọdún tó ń bọ̀. Bí oòrùn bá là tí ẹnikẹ́ni kò kí ọmọlangidi kankan, Baálẹ̀ ni yóò fi ilé náà fún ẹni tó bá wù ú. Wọ́n ti gbìyànjú màgòmágó rí. Ọkùnrin kan ní kí àbúrò òun wá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọlangidi òun. Ẹ̀rín ló pa àbúrò náà kó tó dé ilẹ̀.

Ìyá àgbà kan, Iyùnadé, ló ti wà nínú Ilé Ọmọlangidi láti ìgbà tí ẹnu kò lè sọ mọ́. Àkísà ni gbogbo agbára rẹ̀. Ní Ìdóẹ̀tù, a kì í da àkísà sí ààtàn. Bí aṣọ bá ti gbó kọjá ìlò, Ilé Ọmọlangidi ni wọ́n ń gbé e lọ, ẹni tó gbé e wá yóò sì sọ ẹni tó wọ̀ ọ́ gbó, àti ibi tó ti kọ́kọ́ ja. “Aṣọ bàbá wa nìyí. Èjìká òsì ló kọ́kọ́ lọ, torí ibẹ̀ ló ń gbé ọkọ́ sí.” Bí Iyùnadé kò bá tíì gbọ́ ibi tí aṣọ ti kọ́kọ́ ja, kò ní fi abẹ́rẹ́ kàn án.

Ẹ má rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni o. Bí olówó ṣe ń ṣí àpótí aṣọ han àlejò, bẹ́ẹ̀ ni Iyùnadé ń ṣí agbọ̀n àkísà. “Ẹ wo ihò yìí,” ni yóò wí, “ẹ ti rí irú rẹ̀ rí?” Àlejò a ní òun kò rí i rí, inú ìyá àgbà a dùn di ìrọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n ọmọlangidi kan wà ní igun yàrá rẹ̀ tí kì í fi han àlejò, tí kì í sì í gbé lọ sí ipadò. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin, ti kú kó tó kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Lọ́dọọdún ni Iyùnadé ń pààrọ̀ aṣọ ọmọlangidi yìí: ìbàǹtẹ́ ọmọdé, tòbí, ìró ọmọge, aṣọ ìyàwó, òjá ìpọnmọ. Gbogbo ìlú ń ṣe ká-ní odò. Ká-ní tirẹ̀ kò tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni Látúnjí dé. Ọmọ Àyọ̀ká tó ń fún epo nígbà ayé rẹ̀ ni. Àyọ̀ká kú nígbà tí eyín èwe Látúnjí ń ká, àbúrò bàbá rẹ̀ sì mú un lọ sí etí òkun. Ó padà gẹ́gẹ́ bí géńdé tó rí ṣe, pẹ̀lú àpótí aṣọ tó jẹ́ pé bí ó bá wọ ọ̀kan láàárọ̀, òmíràn lọ́sàn-án, ọyẹ́ yóò lọ kó tó padà sórí àkọ́kọ́. Àwọn ọmọge sọ ọ́ ní Ajíṣoge, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ó wó ahéré ìyá rẹ̀ láti kọ́ ilé sí i. Agbọ̀n àkísà tó bá nínú rẹ̀, ààtàn ló dà á sí. Àwọn aládùúgbò lanu. Kí ilẹ̀ tó ṣú, agbọ̀n náà kò sí níbẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹni tó bèèrè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Látúnjí dé ẹnu ọ̀nà Iyùnadé nínú agbádá àrán.

“Ẹ káàárọ̀, Ìyá.”

“Káàárọ̀, ọkọ mi. Aṣọ rẹ ti kí mi kí ìwọ tó ya ẹnu. Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni kí n kọ́kọ́ dá lóhùn?”

Látúnjí rẹ́rìn-ín. “Èmi náà fẹ́ gbé ọmọlangidi síta lọ́dún yìí.”

“Ipadò gba gbogbo wa.”

“Ìyá, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Aṣọ wo lẹ ní tí mi ò ní? Sányán, ó wà nílé. Àlàárì, ẹ̀tù, wọ́n wà ńbẹ̀. Àrán rè é lọ́rùn mi.”

“O ní aṣọ, Látúnjí. Mi ò bá ọ du ìyẹn.”

“Bí ilé yìí bá wá bọ́ sí mi lọ́wọ́, ẹ má bínú, iná ni n ó kọ́kọ́ dá fún àwọn agbọ̀n wọ̀nyí. Odindi ilé ọnà, ó ń rùn bí ẹ̀yìnkùlé! Gbogbo igi gbígbó wọ̀nyí náà yóò bá a lọ.”

Iyùnadé wo igun yàrá, ó sì padà sídìí abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí Ọjọ́ Ká-Ní pé, kùrukùru pọ̀ débi pé ènìyàn kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìlú jáde bí ẹni tó ń rìn lójú àlá. Látúnjí ti to odindi ààfin síta: ọba omi, olorì, àwọn ìjòyè, gbogbo wọn nínú àrán, ìpẹ́ ẹja ń dán lọ́rùn wọn, fìlà wọn rí bí ọkọ̀ ojú omi. Ènìyàn lanu. Àwọn obìnrin ń fọwọ́ pa etí aṣọ, wọ́n ń bèèrè ibi tó ti rà á. Látúnjí ń dáhùn, orí rẹ̀ ń wú. Kò fura pé ọmọlangidi tí a bá ṣì ń bèèrè ibi tí wọ́n ti ra aṣọ rẹ̀, a kò tíì kí i.

Ọdẹ kan, Olúgbọ́dẹ, yí àwọn ìjòyè náà ká, ó mi orí. “Látúnjí, iṣẹ́ ńlá lo ṣe. Àmọ́ àwọn èèyàn rẹ yìí, ó dà bíi pé wọn ò jókòó rí. Aṣọ wọn ò ká lórúnkún.”

“Ọba kì í ká lórúnkún,” ni Látúnjí fèsì.

“Mo gbọ́. Ọba tó wà lórí ìdúró láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjá. Kò sí ẹni tó kí. Ti Iyùnadé ńkọ́? Ọ̀kan ṣoṣo ló gbé wá lọ́dún náà. Abẹ́ igi ọ̀dán ló gbé e sí, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí àwọn èrò, ọmọlangidi náà bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń ro nǹkan nínú ìkòkò. Àwọn ènìyàn wò ó, wọ́n kọjá ní tiwọn náà. Kùrukùru ti ń fẹ́lẹ́. Oòrùn kò tíì yọ, ṣùgbọ́n ojú ìlà rẹ̀ ti ń pọ́n. Bí ó bá là báyìí, Baálẹ̀ ni yóò sọ ẹni tó ni ilé, Baálẹ̀ náà, kí á má purọ́, àrán tí Látúnjí fi ta á lọ́rẹ ló wọ̀ wá. Iyùnadé jókòó sórí gbòǹgbò igi. Ó ti di ẹrù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, kékeré, tó rí bí ọmọ tó sùn.

Látúnjí rò pé ilé náà ti bọ́ sí òun lọ́wọ́. Ó wọ́ agbádá rẹ̀ lórí yanrìn, ó ń bọ̀ wá wo ohun tí ìyá àgbà gbé wá, kó lè rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín.

Nínú kùrukùru, obìnrin kan dúró, ó kẹ̀yìn sí i. Òwú funfun yọ lábẹ́ gèlè rẹ̀, irun arúgbó. Ó fi àrán tuntun bo èjìká, etí tí àwọn aránṣọ Látúnjí gé sọnù, ṣùgbọ́n kíjìpá àtijọ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀, bí ìyá tó gba ẹ̀bùn ọmọ, tó dúpẹ́, tí kò sì bọ́ èyí tó ti mọ́ ọn lára. Epo ti rin kíjìpá náà títí ó fi pọ́n. Níbi ìbàdí ni iná ti jó o, wọ́n sì fi òwú àlàárì pupa lẹ̀ ẹ́. Òjá tó gbé kọ́rùn ti ya yánnayànna létí kan, níbi tí ọmọ kan ti máa ń jẹ ẹ́ lẹ́nu kí oorun tó gbé e.

Kí Látúnjí tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti wà nílẹ̀ gbọọrọ, agbádá àti gbogbo rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Màámi. Ṣé ẹ jí dáadáa?”

Ká-ní Àyọ̀ká ni Iyùnadé gbé síta, pẹ̀lú ewú tí ikú kò jẹ́ kó hù. Ẹ ó mọ̀ pé ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ kì í dìde bí a kò bá tíì dá a lóhùn. Látúnjí kò dìde. Ó dojú bo yanrìn, ó ń dúró de èsì. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, Olúgbọ́dẹ pàápàá. Ìgbà tó yá ni Iyùnadé dìde, ó dúró ti ọmọlangidi náà, ó sì bá a fèsì:

“Dìde, ọmọ mi. Yanrìn ti ba aṣọ rẹ jẹ́.”

Látúnjí dìde. Kò gbọn yanrìn náà. “Ìyá,” ni ó wí, “aṣọ mi tó tiyín. Àkísà ni kò tó.”

“Ẹ gbọ́?” Iyùnadé yíjú sí gbogbo ìlú. “Látẹnu òun fúnra rẹ̀ ni o! Kí ẹnìkan má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́!”

Baálẹ̀ kò ní nǹkan kan láti pín mọ́. Látúnjí na ọwọ́, ó bẹ ìyá àgbà pé kó fún òun ní òjá náà. Iyùnadé mi orí. “O ti dà á nù lẹ́ẹ̀kan, èmi ni mo ṣà á. Ilé ni yóò máa gbé. Ìwọ, máa wá kí i.” Ó wá gbé ẹrù kékeré rẹ̀, ó fà á mọ́ àyà, ó sì gbé ọmọlangidi ọmọ rẹ̀ padà sí igun yàrá.

Látúnjí ń lọ kí ìyá rẹ̀ ní àràárọ̀, kò sì fẹnu kan ọ̀rọ̀ iná mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀, nítorí ọmọ aráyé kì í gbọ́ ọgbọ́n láìfi ṣoge. Kí ọdún tó yí, àwọn ọ̀dọ́ Ìdóẹ̀tù ti ń lọ aṣọ tuntun lórí ọlọ, wọ́n ń fi eérú fọ̀ ọ́, kí wọ́n lè di àgbà kó tó di ìrọ̀lẹ́. Iyùnadé a gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, a yí i síwá sẹ́yìn, a ní: “Ó dára. Níbo ló ti kọ́kọ́ ja?” Wọn a máa wo ara wọn lójú.

Òwe náà nìyí, ibi tó ti wá sì nìyí. Bí ẹ bá rí àgbà tó ń pa á fún ọ̀dọ́ tó rò pé ohun tí òun kó jọ ti sọ òun di ẹgbẹ́ ẹni tó ṣáájú òun, aṣọ ọ̀dọ́ náà kọ́ ló ń bú. Ohun tó ń sọ ni pé aṣọ ṣeé rà lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ìrírí dà bí àkísà: a kì í rà á, ara ẹni la fi ń wọ̀ ọ́ gbó. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.