Òwú Funfun Inú Ìléru

Obìnrin kan wà tó ń fi iná ṣe òwú. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ń bọ̀.

Òwú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń ká lóko. Nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní bórọ́ọ̀nù, inú òkúta ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Òmíràn ń jẹ́ náítírójìn, òun ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú. Obìnrin náà á lọ bórọ́ọ̀nù kúnná, á kó o sínú ìléru, á dáná sí i títí inú ìléru á fi pọ́n, á wá máa fẹ́ náítírójìn sí i. Bó bá ṣí i, ohun tó máa ń bá níbẹ̀ dà bí òwú èso àràbà. Ó funfun, ó fúyẹ́, èémí lásán lè gbé e lọ. Fọ́nrán rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kéré ju ohun tí ojú lè rí, síbẹ̀ ihò wà nínú rẹ̀ láti orí dé ìdí, bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ tí àwọn ọmọdé fi ń fẹ́ ìfófòó ọṣẹ.

Òwú yìí ní ìwà kan. Ooru máa ń gba ara rẹ̀ kọjá kíákíá, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá rárá. Ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ lù ú, kò ní gbà.

Ní yàrá kejì nínú ilé iṣẹ́ náà, àwọn ọkùnrin kan ń fi èédú ṣe irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀. Tiwọn dúdú bí ìdí ìkòkò, iná mànàmáná sì ń gba inú rẹ̀ bí ẹni gba títì ọ̀dà. Ó níṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ gidi sì ni, níbi tí a bá ti fẹ́ kí iná kọjá. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá rí obìnrin náà tó gbé abọ́ òwú rẹ̀ kọjá, wọ́n á pariwo pé:

"Ìyá Onírọ̀rí, ẹ bá wa ṣe tiwa, ọrùn ń dùn wá o!"

Òun náà á ní, "Ẹ kọ́kọ́ lọ bọ́jú, kí ẹ má ba ìrọ̀rí mi jẹ́."

Ó ṣe, àwọn kan tó ń ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń fa omi kànga ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà. Kọ́ìlì inú ẹ̀rọ wọn ń jóná ṣáá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wáyà ni wọ́n ń yí jọ láti fi ṣe kọ́ìlì, wọ́n á wá da fánìṣì lé e, kí iná má bàa jò sí ara irin. Fánìṣì náà ń dá iná dúró lóòótọ́, àmọ́ ó ń há ooru mọ́ inú, ooru yẹn ló sì ń sun kọ́ìlì. Wọ́n fẹ́ ohun tí wọ́n lè pò mọ́ ọn, tí ooru á fi ríbi jáde, tí iná kò sì ní jáde. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó.

Inú obìnrin náà dùn. Iṣẹ́ òwú òun ti dé. Ó bu òwú sínú fánìṣì, ó rò ó. Òwú kọ̀. Ó ṣe kókó bí ògì tí omi rẹ̀ kò hó. Ó tún rò ó, kókó náà tún le sí i.

Ọ̀gá wọlé, ó wo inú abọ́. Ọ̀gá kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ̀rù àlejò ló máa ń bà á. Ó ní, "Da ti èédú mọ́ ọn. Ìyẹn ń pò, ojú àwọn èèyàn yìí sì ti mọ̀ ọ́n. Ta ló fẹ́ ra nǹkan tó dà bí òwú tí a fi ń nu egbò?"

"Ọ̀gá, èédú ń gba iná. Bí ẹ bá pò ó mọ́ tèmi, ẹ ti pa ohun tí wọ́n torí ẹ̀ wá."

"Díẹ̀ ni mo wí."

"Díẹ̀ náà ni èmi ń wí, sà."

Ojú ọ̀gá le. "Gbọ́ dáadáa. Bí àwọn àlejò bá dé tí n kò rí nǹkan gidi fi hàn wọ́n, mo máa pa ìléru rẹ, màá sì gbé yàrá yìí fún àwọn eléèédú."

"Ẹ pa á nígbà náà. Mi ò ní pò ó."

Kò sí irú ìléru bẹ́ẹ̀ mìíràn ní gbogbo agbègbè náà. Bí wọ́n bá pa á, òwú parí, gbogbo ohun tó ti fi ayé rẹ̀ kọ́ sì dòfo. Ó mọ̀. Bí ọ̀gá ti jáde, obìnrin náà jókòó ti abọ́, ó tún òwú náà rò lọ́kàn. Ara fọ́nrán yìí ń dán jù, fánìṣì kò ríbi dì mú. Kò sí ohun tó ṣe inú rẹ̀. Ọwọ́ ni kò ní.

Ló bá gbé òwú sínú omi kẹ́míkà, ó ń rọra sè é, nítorí bí iná bá pọ̀ jù, fọ́nrán á já. Ó sè é títí àwọn ìkọ́ kéékèèké fi so mọ́ ara fọ́nrán náà lóde. Òde nìkan. Inú wà bó ṣe wà. Nígbà tó dà á sínú fánìṣì, fánìṣì di àwọn ìkọ́ náà mú, òwú tú ká, kókó sì tán. Ó funfun bíi wàrà. Ó fi bo kọ́ìlì ẹ̀rọ kan, ó gbé e kalẹ̀ de àlejò.

Ọ̀gá rí funfun yẹn, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó lọ bá àwọn eléèédú ní kọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n bu nínú fánìṣì náà, kí wọ́n da tiwọn mọ́ ọn, kí wọ́n fi bo kọ́ìlì ẹ̀rọ kejì. Dúdú ló gbé síwájú. Ó fi aṣọ bo funfun sẹ́yìn.

Àwọn àlejò dé. Màmá kan tó wọ bàtà rọ́bà ni olórí wọn. Ọ̀gá tan ẹ̀rọ dúdú, ó ń dún kíkankíkan.

"Màmá, ẹ fọwọ́ kàn án! Ẹ máa rí i pé kò gbóná rárá."

Màmá na ọwọ́. Obìnrin náà rí i pé dúdú ni, ó mọ̀ pé wọ́n ti da èédú mọ́ ọn, ó bọ́ síwájú.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ dúró ná. Ọ̀gá ló nilé. Ọ̀gá ni kó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ sì dúró sófuurufú. Ó wo àwọn eléèédú. Àwọn eléèédú ń wo àjà.

Obìnrin náà ní, "Ọ̀gá, ṣé ọwọ́ ń dùn yín ni?"

"Rárá o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìpara pa á ni."

Màmá yọ tẹ́sítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò lápò, ó fi ẹnu rẹ̀ kan irin ẹ̀rọ náà. Tẹ́sítà tàn yòò.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé ibí lẹ fẹ́ sin mí sí ni?"

Obìnrin náà pa ẹ̀rọ dúdú, ó ká aṣọ kúrò lórí funfun, ó tan án. Wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí ó fi yẹ kó gbóná. Màmá fi tẹ́sítà kàn án, kò tàn. Obìnrin náà wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e pẹrẹsẹ, ó fi í síbẹ̀, ó ń bi àwọn àlejò bóyá wọ́n ti jẹun.

"Èyí la fẹ́," ni Màmá wí.

Àbí ẹ rò pé ọ̀gá máa dákẹ́? Ó ní, "Màmá, funfun ni o! A lè fi ọ̀dà dúdú kùn ún fún yín. Bí àwọn oníbàárà yín bá ní kí ló dé tó fi funfun, kí la máa wí?"

Obìnrin náà dá a lóhùn kí Màmá tó lanu. "Ẹ sọ fún wọn pé funfun ni."

Wọ́n kò pa ìléru náà. Ọ̀gá kò tọrọ àforíjì, obìnrin náà kò sì dúró dè é. Ó padà sídìí bórọ́ọ̀nù tó ń lọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ̀yin là ń bá wí. Ohun kan wà tí ẹ kì í gbà láyè. Ẹnìkan nínú yín kì í jẹ́rìí ohun tí kò ṣojú rẹ̀. Ẹlòmíràn kì í dákẹ́ bí wọ́n bá ń rẹ́ aláìlẹ́nìkan jẹ. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè yín ní alágídí, torí ẹ̀ náà sì ni ẹ fi wúlò. Ẹ kọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń kíra wọn, ẹ bá wọn jókòó, ẹ sọ èdè tó yé wọn. Ìkọ́ òde nìyẹn, kò pa yín lára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí ẹ fi díẹ̀ tirẹ̀ sínú tiyín, ẹ wò ó lójú kòrókòró, kí ẹ ní rárá. Bó bá ní òun máa paná yín, ẹ ní kó máa pa á. Ẹ ó tún un dá. Èédú tó bá ti wọnú òwú funfun, ta ló fẹ́ bá yín ṣà á kúrò?